LÁTI "TÚN PÈ" DÉ "PÈ PADÀ": ÌTÀN Ọ̀RỌ̀ ÌPÈ KAN NÍ ÈKÓ

Nínú aáyan ògbufọ̀, "call back" jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàmú. Àwọn kan a kọ "tún pè", àwọn mìíràn a kọ "pè padà". Olùkọ́ kan a fún méjèèjì ní máàkì, olùkọ́ mìíràn a fagi lé ọ̀kan. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn fóònù ní Èkó ni yóò là wá níjà.

Òtítọ́ ni pé okùn tẹligíráàfù ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886, ìjọba sì dá NITEL sílẹ̀ ní 1985. Síbẹ̀, títí di 2001, gbogbo ìlà fóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Àwa tí a dàgbà ní Mushin rántí pé nínú pálọ̀ onílé ni fóònù máa ń wà. Ẹni tí ó bá tẹ onílé láago a ní:

(1) Ẹ bá mi pe Ìyá Ṣadé. N ó tún pè.

"Pè" àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnu, ìkejì jẹ́ ti fóònù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè náà ni yóò tún un ṣe, nítorí fóònù náà kì í ṣe ti Ìyá Ṣadé, kò sì rí nọ́ńbà ẹni tí ń wá a.

Ní oṣù kẹjọ 2001, Econet àti MTN gbé fóònù GSM dé. Nọ́ńbà ẹni tí ń pè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú fóònù. Owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ń san, kí Glo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ní 2003. Láti Yaba dé Surulere, àwọn ènìyàn ń "fíláàṣì": fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, kí ẹni tí a pè lè ná owó tirẹ̀. Ìgbà náà ni gbólóhùn yìí gbilẹ̀:

(2) Ẹ pè mí padà.

Ẹ fi wé "Pe ọmọ náà padà". Níbẹ̀, ọmọ ni yóò padà. Nínú (2), ìpè ni ó ń padà.

Ní ìkádìí, "tún pè" ni ti ẹni tí ó kọ́kọ́ pè, "pè padà" ni ti ẹni tí a pè. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣe méjèèjì. Nítorí náà, bí ìbéèrè wa kò bá sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pè, kò tọ́ kí a fagi lé ìdáhùn ọmọ.