Ààtàn Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Palẹ̀ Rẹ̀ Mọ́ Láì Fi Kún Ooru Ayé

Kò sí agboolé kan ní Kambolé tí kò mọ ààtàn. Láyé àwọn bàbá wa, èèpo iṣu, eérú, ewé àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló ń lọ síbẹ̀. Bó bá jẹrà tán, wọ́n á kó o lọ sóko, àgbàdo tí wọ́n bá gbìn sí i á sì yọmọ dáadáa. Lónìí, ẹ wo ohun tí à ń dà sí ààtàn, ì báà jẹ́ ní Kambolé, ní Tchamba tàbí ní Sokodé: sáṣẹ́ omi, píìlì rédíò, bátìrì mọ́tò, epo dúdú ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ìgò oògùn apakòkòrò. Ààtàn la ṣì ń pè é, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà.

Látìgbà tí a ti dìbò kọ́múùnù ní Togo ní 2019, ọ̀dọ̀ mẹ́rì làwọn ará ìlú ń kó ẹjọ́ ìdọ̀tí lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná sáfẹ́fẹ́, ọ̀nà tí a bá sì gbà ṣe é ló máa sọ bóyá gáàsì yẹn á pọ̀ tàbí á kéré.

Ibi tí gáàsì ti ń wá

Bí ìdọ̀tí bá ga jọ, afẹ́fẹ́ kì í ráyè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ èèpo àti oúnjẹ tó wà lábẹ́ yẹn, ohun tó sì ń jáde lára iṣẹ́ wọn ni gáàsì mẹ́tánì. Òun náà ló ń jáde lẹ́nu màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí à ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, nǹkan mìíràn ló fà á. Láàárín 100 ọdún, kìlò kan mẹ́tánì ń mú ayé gbóná tó bíi kìlò 28 CO2, ìyẹn gáàsì tó ń jáde nídìí mọ́tò. Bó bá jẹ́ 20 ọdún la fi wọ̀n ọ́n, ó ju ìlọ́po 80 lọ.

Àwọn kan á ní, ṣebí ká kúkú dáná sun ún? Iná ń tú CO2, ó ń tú èéfín dúdú tí òun náà ń fa ooru, èéfín plásítíìkì sì lóró nínú àyà ọmọdé. Iná ààtàn tún máa ń rìn lábẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, oko ló kàn.

Àwọn mìíràn á ní ká kó gbogbo rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tchamba sí Sokodé tó bíi kìlómítà 35, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 70. Ká ní kámíyọ̀ kan ń mu lítà 30 gasoil ní kìlómítà 100, á mu lítà 21 ní ìrìn kan. Lítà gasoil kan ń tú bíi kìlò 2,6 CO2. Ìrìn kan á wá jẹ́ bíi kìlò 55, ìrìn 50 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, a ò tíì ka ẹ̀rọ tó ń walẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá sì tú òkìtì tó ti ń jẹrà, mẹ́tánì tó há sábẹ́ rẹ̀ á sá jáde. Tí kámíyọ̀ bá wá dé Sokodé, tó dà á sórí òkìtì mìíràn ńkọ́?

Ohun tí Lomé àti Abidjan fi hàn

Ààtàn ńlá Agoè-Nyivé ni Lomé ń lò tẹ́lẹ̀. Ní 2018 ni ibùdó Aképé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ AFD ti ilẹ̀ Faransé àti ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ìdọ̀tí sínú kòtò tí a ṣètò ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi ìdọ̀tí má baà wọ inú ilẹ̀. Ká má tan ara wa, owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára kọ́múùnù kékeré. Èyí tó sún mọ́ wa ni ti ẹgbẹ́ ENPRO, tí òun àti GoodPlanet ti sọ ìdọ̀tí oúnjẹ ará Lomé di kọ́ńpọ́sì nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Africompost. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ inú òkìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mẹ́tánì níbẹ̀.

Ti Abidjan yàtọ̀. Ní oṣù Ògọ́sìtì 2006, wọ́n da ìdọ̀tí olóró tó ti inú ọkọ̀ òkun Probo Koala wá sí ọ̀pọ̀ ibi nílùú náà, títí kan ààtàn Akouédo. Àwọn èèyàn kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sáré lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní láti wú u, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí ilẹ̀ Faransé. Epo tí ìyẹn ná pọ̀, àmọ́ lójú tiwa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ohun tó lè pa èèyàn gbọ́dọ̀ lọ, bó ti wù kó jìnnà tó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa

Nítorí náà, ìyàsọ́tọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Píìlì, bátìrì, epo dúdú àti ìgò oògùn nìkan ló yẹ kó wọ kámíyọ̀. Wọn ò pọ̀. Ẹrù ìrìn kan tàbí méjì lè gbé wọn tán. Ìyókù lè dúró síbi tó wà, bí kò bá sún mọ́ kànga tàbí odò. Ẹ gé orí òkìtì náà kó dàgẹ̀rẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ, kí ẹ fi ilẹ̀ pupa bò ó, kí ẹ wá da kọ́ńpọ́sì díẹ̀ lé e. Nínú ilẹ̀ tó ń mí bẹ́ẹ̀, kòkòrò tíntìntín mìíràn wà tó ń jẹ mẹ́tánì bó ti ń gòkè bọ̀. Ìparí òjò ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí iná ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbin koríko tàbí igi sórí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ibi tí ó ń dùn wá jù nìyí, torí àṣà àwọn ìyá wa ni. Ilẹ̀ ààtàn tí píìlì àti bátìrì ti wọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ àgbàdo mọ́. Òjé inú bátìrì kì í jẹrà, ojú kì í rí i, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ajílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ òkìtì tuntun lẹ́yìn ilé: èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, igi ọkà bàbà tí a gé wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Kí ó tutù díẹ̀, kí a máa yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní bíi oṣù mẹ́ta, á ti dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó.

Ìbéèrè tó kù fún mẹ́rì ni ibi tí a ó máa kó píìlì sí. Kó tó dáhùn, ẹ kó tiyín sínú ike oníbòrí, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ, tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o.