Adágún Nyos: Omi Tó Pa Ìlú Lóru Láìkún Àkúnya

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Omi la fi ń wẹ̀, omi la fi ń sè, omi náà ni àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run fún kí iṣu rẹ̀ lè ta. Bí omi yóò bá pa ènìyàn, ọ̀nà méjì la mọ̀ mọ́ ọn: kí ó kún àkúnya wọlé, tàbí kí ènìyàn rì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù tó múlé ti Nàìjíríà, adágún kan wà tó pa ènìyàn tó lé ní 1,700 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo láìwọ ilé ẹnikẹ́ni. Nyos ni orúkọ adágún náà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá mi yẹ̀ wò lónìí, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò pin sí Kamẹrúùnù nìkan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1986, àwọn ará agbègbè náà gbọ́ ìró kan láti ìhà adágún, bí ìgbà tí ààrá bá ń kùn lókèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà lórí ẹní. Láìpẹ́, oorun tí kì í ṣe oorun gbé wọn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Nyos, Cha, Subum àti àwọn abúlé mìíràn ti di ahoro. Àwọn kan tilẹ̀ kú ní ibi tó jìnnà tó kìlómítà 25 sí adágún náà. Màlúù àti àwọn ẹran ọ̀sìn mìíràn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ tó 3,500.

Ohun tó mú kí ẹnu ya àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni pé ilé kò wó, ohun ọ̀gbìn kò bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì ta sílẹ̀. Kò sí ìró eṣinṣin lára òkú, nítorí àwọn kòkòrò pàápàá ti kú. Àwọn díẹ̀ tó yè é dákú fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó jí, tí wọ́n sì bá òkú ará ilé wọn nílẹ̀. Wọ́n tún ṣàkíyèsí ohun kékeré kan: àtùpà ti kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àtùpà yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Adágún náà fúnra rẹ̀, tí omi rẹ̀ máa ń mọ́ tẹ́lẹ̀, ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló fà á? Àwọn kan ní ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ló wá dán bọ́ǹbù wò. Àwọn kan ní àwọn alálẹ̀ ló ń bínú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi àwọn tó dárúkọ alálẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó mú sùúrù ná. Àwọn ẹ̀yà Kom, tí wọ́n wà ní apá ibẹ̀, ní ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tó ti wà tipẹ́ ṣáájú ọdún 1986. Wọ́n ní ọba wọn kan so nítorí àrékérekè tí àwọn ọ̀tá fi hàn sí i. Omi ara rẹ̀ di adágún, ẹja sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tá náà rọ́ wá láti pẹja, adágún náà pa wọ́n run lẹ́ẹ̀kan náà. Eugenia Shanklin, onímọ̀ ìṣẹ̀dálẹ̀ àwùjọ láti Amẹ́ríkà, tó ti ń ṣe ìwádìí láàrin àwọn Kom, gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ìtàn adágún tó ń pa ènìyàn. Kí ni ìtàn yìí ń sọ fún wa? Bí a bá bọ́ aṣọ àlọ́ tó wọ̀ kúrò lára rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ni ìkìlọ̀ kan: ní ilẹ̀ yìí, adágún lè pa ogunlọ́gọ̀ lójijì.

Ìkìlọ̀ kejì tilẹ̀ sún mọ́ wọn ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1984, ènìyàn 37 kú létí adágún Monoun, ní Kamẹrúùnù kan náà. Haraldur Sigurdsson, ọmọ ilẹ̀ Iceland tó jẹ́ onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín, ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó sì sọ pé inú adágún fúnra rẹ̀ ni gáàsì apani náà ti jáde wá. Kí ayé tó ka ọ̀rọ̀ náà sí, Nyos ti ṣẹlẹ̀.

Báwo wá ni omi ṣe ń gbé gáàsì pamọ́? Olùkọ́ Yorùbá ni mí, n kì í ṣe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Bí ìgò náà bá wà ní dídé, ẹ kò ní rí gáàsì kankan nínú rẹ̀. Ẹ mì í jìgìjìgì, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀: yóò hó, yóò sì ru jáde. Ibi tí òkè ayọnáyèéfín ti bú rí ni adágún Nyos wà, ó sì jìn tó nǹkan bí mítà 200. Láti inú ilẹ̀ ni gáàsì tí a ń pè ní kábọ́nì dàyọ́ksáìdì ti ń wọ ìsàlẹ̀ omi náà díẹ̀díẹ̀. Gáàsì yìí kan náà ni à ń mí síta, òun náà ló sì ń mú ẹlẹ́rìndòdò hó. Ìwúwo omi òkè ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìgò. Ní ilẹ̀ olótùútù, omi ojú adágún a máa rì sísàlẹ̀ lásìkò òtútù, a sì gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè, tí gáàsì yóò fi máa tú jáde ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ní ilẹ̀ wa tó móoru, omi òkè kì í sábà dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ báyẹn. Ọdún ń gorí ọdún, gáàsì ń gorí gáàsì.

Yálà òkè ló ya sínú omi ni o, tàbí afẹ́fẹ́ líle ló tì í, nǹkan kan da omi náà rú ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìdérí ìgò sì ṣí. Kábọ́nì dàyọ́ksáìdì wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Nítorí náà, kò gòkè lọ bí èéfín. Ńṣe ló ń ṣàn gba àfonífojì wọ abúlé bí omi òjò. Ibi tó bá dé, ó lé afẹ́fẹ́ rere kúrò. Àtùpà kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́ rere, ìdí nìyẹn tó fi kú tepo-tepo. Ohun tó pa àtùpà náà ló pa olówó rẹ̀. Pípọ́n tí omi pọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: èròjà irin láti ìsàlẹ̀ adágún ló dé òkè, tó pàdé afẹ́fẹ́, tó sì dípẹtà.

Àlàyé yìí kò délẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1987, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Yaoundé. Haroun Tazieff, gbajúmọ̀ onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín láti ilẹ̀ Faransé, àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé òkè ayọnáyèéfín abẹ́ adágún ló tún bú. Àwọn mìíràn ní rárá: omi ìsàlẹ̀ kò gbóná bó ti yẹ, ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò dàrú, gáàsì púpọ̀ ṣì wà nínú omi. Ẹ má ṣe rò pé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni. Bó bá jẹ́ pé òkè ayọnáyèéfín ló bú, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe sí i ju kí ó sá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gáàsì ló kó jọ, yóò tún kó jọ, yóò sì tún pa ènìyàn, àfi bí a bá tú u sílẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ló so mọ́ ìdáhùn tó tọ̀nà.

Ẹ̀rí ti àwọn tó ní gáàsì ló kó jọ lẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ri ọ̀pá kan tó gùn ní mítà 203 sínú adágún Nyos. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi ìsàlẹ̀ díẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà, gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi jáde, tó sì ń tú u sókè tó nǹkan bí mítà 50. Wọ́n fi ọ̀pá méjì mìíràn kún un ní ọdún 2011, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2019, gáàsì náà ti dín kù débi tí ewu rẹ̀ ti rọlẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún Monoun láti ọdún 2003. Àwọn tó là á já, tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ méje, ló san owó tó pọ̀ jù nínú ìtàn yìí: ìran kan dàgbà tí kò mọ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí nílẹ̀ Áfíríkà. Adágún Kivu, tó wà láàrin Rùwáńdà àti Kóńgò, tóbi ju Nyos lọ fíìfíì, gáàsì wà nínú rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló sì ń gbé yí i ká. Láti ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Rùwáńdà ti ń fa gáàsì mìtéènì inú rẹ̀ láti fi pèsè iná mànàmáná púpọ̀. Ohun tí ìbá pani ni ọgbọ́n sọ di ìmọ́lẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa. Nínú kànga jíjìn tí a ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ burúkú lè kó jọ. A ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nílẹ̀ yìí léraléra: ẹnì kan wọ kànga, kò jáde; ẹnì kejì wọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, òun náà kò jáde. Àwọn aládùúgbò á ní kànga náà ní ẹ̀mí àìrí. Òótọ́ ni pé a kò fojú rí ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe wọlé tọ ẹni tó bá dákú nínú kànga. Ẹ ké sí àwọn panápaná.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà Kom rí ewu adágún, ó fi ìtàn pa á mọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ìdí rẹ̀, ó fi ọ̀pá yanjú rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti tètè jókòó pọ̀, ta ló mọ iye ẹ̀mí tí wọn ìbá gbà là? Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò yín ibi tí a kì í kọ́lé sí, odò tí a kì í wẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì mú un tọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yín lọ.