Ìlà Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Ń Pààlà Ilẹ̀

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà orí pláànù ilẹ̀ rí. Bí íǹṣì kan orí ìwé bá dúró fún 2,500 íǹṣì lórí ilẹ̀, ìlà tó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà ti bo ilẹ̀ tó ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ni ẹsẹ̀ bàtà 4 yẹn? Ọmọ ìyá ti di ọ̀tá ara wọn nítorí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya pláànù. Ọwọ́ ọmọ èèyàn kò yí padà. Ohun tí ọwọ́ ń mú ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, Borrowdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́ẹ̀dì tó dára ti ń wá. Bí wọ́n bá ṣe wà á nílẹ̀ náà ni wọ́n ń lò ó. Ní 1793, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀dì bá di àwátì ní Faransé. Ni Nicolas-Jacques Conté bá lọ lẹ́ẹ̀dì kúná, ó pò ó mọ́ amọ̀, ó sì sun ún nínú iná. Ní 1795, ó gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀. Bí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le, ìlà rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá pọ̀, á rọ̀, á sì dúdú. Amọ̀ lásán o! Ayàwòrán wá lè yan èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ó ku ti yíǹkì. Gègé àtijọ́ ní ẹnu méjì bíi ti ẹyẹ, ìdè kékeré kan ni wọ́n ń yí láti fẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fún un. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ó ṣòro kí ìlà ọ̀la tó bá ti òní dọ́gba. Bí yíǹkì bá sì kán sílẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní 1953, ilé iṣẹ́ Rotring ní Jámánì gbé Rapidograph jáde. Ẹnu gègé yìí jẹ́ ihò irin róbótó, wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀. Kò sí pé à ń yí ìdè mọ́: gègé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìwọ̀n náà ṣòfin: 0.25, 0.35, 0.5, 0.7 mìlímítà. Ìkọ̀ọ̀kan fi bí ìlọ́po 1.4 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé A4 ṣe ń fẹ̀ di A3. Bí wọ́n bá sọ àwòrán di ńlá, ìlà 0.35 á di 0.5, gègé tó tẹ̀ lé e á sì bá a mu rẹ́gí.

Kọ̀ǹpútà ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ gègé báyìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọ̀nyí ṣì wà nínú rẹ̀. Gègé 0.25 kì í bò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ lórí pláànù tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 2 yòókù ńkọ́? Ó ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀.