Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wọlé kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì

Tí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ní Ìgèdè-Èkìtì, Ìyìn àti Adó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ọmọ wọn ṣe lè di nọ́ọ̀sì. Fún ọmọ míràn, ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Láti SS1 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé pín àwọn ọmọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Ọmọ tó bá lọ sí áàtì lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó mọ̀wé tó, kò ní iṣẹ́ tí yunifásítì máa bi í léèrè.

Iṣẹ́ márùn-ún ni: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Fíṣíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú márààrún, ìyẹn láti A1 dé C6. D7 àti E8 jẹ́ pé ọmọ yege lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe kírẹ́díìtì, wọn ò sì lè gbé e wọlé. Fíṣíìsì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ á gba A nínú Báyọ́lọ́jì, á gba B nínú Kẹ́mísìrì, D7 á wá jókòó sídìí Fíṣíìsì. Àwọn òbí a máa béèrè pé kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi Fíṣíìsì ṣe. Ẹni tó ń ka bí omi dírípù ṣe ń kán, tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń ṣí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn fún aláìsàn, Fíṣíìsì ló ń ṣe. Èyí tó wù kó jẹ́, Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tàbí Jọ́gíráfì ò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìjókòó méjì ni wọ́n gbà láàyè jù. Ọmọ tó ní kírẹ́díìtì mẹ́rin nínú WAEC lè fi Fíṣíìsì láti inú NECO kún un, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìjókòó mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó máa gbà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, torí náà ó dára kí wọ́n yẹ ìwé ìlànà JAMB wò lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó san owó fọ́ọ̀mù.

Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, mẹ́ta tó kù ni Fíṣíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì. Ìṣirò kò sí níbẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn ọmọ kan ti ń ṣìnà: torí pé wọ́n ní kí Ìṣirò wà nínú WAEC, wọ́n á mú un nínú JAMB, wọ́n á sì fi Báyọ́lọ́jì sílẹ̀. Bí wọ́n bá gba 280 nínú 400, kò wúlò fún nọ́ọ̀sì mọ́.

Lórí máàkì, ìpàdé tí JAMB àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ní 2025 fi 150 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, 140 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Ẹnu ọ̀nà lásán ni iye yẹn. Ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní yunifásítì sábà máa ń béèrè fún jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí àwọn tó ń fẹ́ ẹ pọ̀, àyè ò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn JAMB, ilé-ẹ̀kọ́ náà á tún ṣe ìdánwò tàbí àyẹ̀wò tirẹ̀, wọ́n á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, fẹ́ kó di ọdún 18, ariwo sì ta. Nígbà tí Dókítà Tunji Alausa gba ipò náà lọ́dún yẹn kan náà, ó dá a padà sí 16.

Ọmọ tí èsì WAEC rẹ̀ kò tíì jáde lè ṣe JAMB. Ṣùgbọ́n tí èsì náà bá ti jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sórí ìkànnì JAMB fúnra wọn, ní ibùdó CBT tàbí ọ́fíìsì JAMB. Fífún yunifásítì nìkan kò tó. CAPS, ìyẹn ètò tí JAMB fi ń pín àyè ìgbàwọlé, kò lè rí èsì tí wọn ò gbé síbẹ̀. Ọmọ tó ní 250 lè jókòó sílé nítorí èyí, kí ọmọ tó ní 210 sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àjọ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá méjì. Ọ̀kan ni NUC, tó ń mójú tó gbogbo yunifásítì. Èkejì ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, NMCN, tí òfin 1979 dá sílẹ̀. NUC ló ń jẹ́ kí dìgírì jẹ́ dìgírì, NMCN ló ń fúnni ní láíséǹsì tí èèyàn fi lè tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó ní dìgírì tí kò ní láíséǹsì kì í ṣe nọ́ọ̀sì lójú òfin.

NMCN kì í sì í fi ẹnu lásán fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún, wọ́n á wá forúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní index. Láìsí index, kò sí ìdánwò láíséǹsì. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wá gba ọmọ ju iye tí wọ́n fún un lọ, àwọn kan á ṣẹ́kù sí ìta, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ti san owó ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ yìí náà ni wọ́n tún ń yẹ èsì WAEC wò. Ẹni tó bá fi Fíṣíìsì D7 yọ́ wọlé, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí òbí tó san owó ìgbàwọlé, ìbéèrè méjì ni kó bi ilé-ẹ̀kọ́: ṣé ìwé àṣẹ NMCN yín ṣì ń ṣiṣẹ́, àti pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà? Orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì NMCN, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò ó.

Ní àyíká Adó, yunifásítì méjì tí wọ́n ti ń kọ́ dìgírì nọ́ọ̀sì ni EKSU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 tó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 2011, àti ABUAD tí Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009. Ti ABUAD jẹ́ aládàáni, owó rẹ̀ sì ju ti ìjọba lọ púpọ̀. Ọmọ Èkìtì tún wà lára àwọn tí OAU ní Ilé-Ifẹ̀ àti Yunifásítì Ìbàdàn kà sí ọmọ agbègbè wọn. Ìbàdàn yìí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dìgírì nọ́ọ̀sì, ní 1965.

Kì í ṣe JAMB nìkan ni ọ̀nà. Ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní láíséǹsì, tàbí tó ṣe JUPEB tàbí IJMB pẹ̀lú Fíṣíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, lè gba Direct Entry, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì. Kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn ò ní kó má wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ tí kò ní Fíṣíìsì ní láti padà lọ kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Fún nọ́ọ̀sì tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, yunifásítì NOUN ní dìgírì nọ́ọ̀sì, àmọ́ àwọn tó ti ní láíséǹsì nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí èèyàn ti ń lo ọdún mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣe ND àti HND, ọdún mẹ́rin lápapọ̀. JAMB ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀ náà báyìí, iṣẹ́ márùn-ún kan náà ni wọ́n sì ń béèrè. Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ rọrùn ju yunifásítì lọ torí pé máàkì JAMB wọn kéré, kó tún un rò.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rárá. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan, wọ́n á wọṣọ funfun fún wọn, wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. NMCN ò mọ ìwé yẹn. Kò sí yunifásítì tó máa gbà á, kò sì sí ọdún kankan tó máa dín kù nínú ẹ̀kọ́ wọn nítorí rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ìjọba tó wà ní Ìjerò-Èkìtì: iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní àjọ tirẹ̀ àti láíséǹsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì.

Ọdún márùn-ún ni dìgírì náà fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Ìdánwò NMCN wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọdún kan ti iṣẹ́ ìmọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí NYSC tó kàn. Àwọn tó ń fi ọkàn sí ìlú Òyìnbó náà ní láti mọ̀ pé ní oṣù kejì ọdún 2024, NMCN kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láíséǹsì kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá lórí rẹ̀.

Tí orúkọ ọmọ bá ti jáde lórí CAPS, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ibi tó ti máa sọ pé òun gbà á. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN bá ti WAEC àti ti JAMB mu, torí inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ. Tí Ọláwùmí bá wà níbì kan, tí Ọláwunmí wà níbòmíràn, ọ̀dọ̀ NIMC ni kí wọ́n ti lọ tún un ṣe, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde.