Orin Tó Di Ilé: Joromi Hotel ní Ìlú Benin

Ẹ dárúkọ "Joromi" létí àgbàlagbà Yorùbá, gìtá ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ẹ dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ Ẹdó, yóò ní ajìjàkadì inú ìtàn ni, akọni tó da àwọn alágbára ayé tán tó tún forí lé ọ̀run lọ wá ìjà. Orúkọ yìí náà ni Victor Uwaifo, olórin onígìtá tó kọ orin "Joromi", fún òtẹ́ẹ̀lì tó ṣí sí ìlú Benin ní 1971.

Láyé ìgbà highlife, òtẹ́ẹ̀lì ni oko olórin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré mọ́jú, ibẹ̀ lowó ti ń wọlé. Àmọ́ oko olóko ni. Onílé ló ń yan ẹgbẹ́ tí yóò ṣeré. Nígbà mìíràn, òun náà ló ra fèrè, ìlù àti gìtá tí wọ́n ń lò. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ mọ́, ọwọ́ òfìfo lolórin ń gbé jáde.

Àwọn olórin kan ò gbà bẹ́ẹ̀. Bobby Benson dá Caban Bamboo sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó, ibẹ̀ ló wá di Hotel Bobby. Victor Olaiya ní Stadium Hotel tirẹ̀ ní Sùúrùlérè. Uwaifo kì í sì í ṣe àjèjì sí Olaiya: nígbà tó wà ní St. Gregory's College ló ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta gìtá.

Ní 1969, wọ́n fún Uwaifo ní àwo wúrà nítorí orin "Joromi". Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni òtẹ́ẹ̀lì dé.

Kò dúró síbẹ̀. Ní 1980, ó kọ́ sítúdíò tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ń gbé ètò orin jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA. Ẹni tó jókòó sílé n'Íbàdàn tàbí ní Kàdúná wá ń wo ohun tí wọ́n ṣe ní Benin. Ìlú Benin yìí kan náà ló ti mú ekassa, ijó ìgbà ìwúyè Ọba, tó fi gìtá gbé e dé etí gbogbo ayé.

Olaiya kú ní oṣù Kejì 2020. Uwaifo tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2021, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ní ìlú tó kọ́lé orin sí.