Atọ́kùn

Àwọn kan máa ń pe ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jù lọ ní atọ́kùn. Rárá o. A-, tọ́, okùn: ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà. Atọ́kùn eégún kì í gbé eégún. Òun ló ń mú un rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n: atọ́kùn (point guard) ló ń darí eré ẹgbẹ́ rẹ̀.

“John Stockton ni atọ́kùn Utah Jazz títí di 2003.” Ìgbà 15,806 ló fi bọ́ọ̀lù síni lọ́wọ́ tó di ayò. Karl Malone, akẹgbẹ́ rẹ̀, ń jó, Stockton mú ìṣán dání. Láìsí i, eégún márùn-ún á máa forí gbárí lágbo.

Balógun ẹgbẹ́ ńkọ́? Oyè nìyẹn, iṣẹ́ ni atọ́kùn. Balógun tilẹ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì.