Àyẹ̀wò Ojú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹbí Mọ̀

Ojú lọba ara, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kì í lọ yẹ̀ ẹ́ wò àfi tí kò bá ríran dáadáa mọ́. Àrùn tí mo bẹ̀rù jù fún wa ni glaucoma. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dun ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà mọ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní in, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń lọ lọ́dọọdún.

Ta ni kò ní sanwó? Ní Scotland, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò NHS fún gbogbo olùgbé ibẹ̀ láti ọdún 2006. Ní England, ọ̀fẹ́ ni fún:

- ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àti ẹni ọdún 16 sí 18 tó ṣì wà níléèwé ní kíkún;
- ẹni tó ti pé 60;
- ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí glaucoma;
- ẹni tó ti pé 40, tí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ ní glaucoma;
- àwọn kan tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́.

Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á bi yín ní ìtàn àìsàn ilé yín àti oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ ó ka lẹ́tà lára ògiri, wọ́n á máa pààrọ̀ dígí, wọ́n á ní, “Èwo ló mọ́ jù, àkọ́kọ́ àbí ìkejì?” Wọ́n á tan iná wo ẹ̀yìn ojú. Fún glaucoma, ẹ̀rọ kan lè fẹ́ atẹ́gùn fìrì sójú yín láti wọn ìfúnpá inú rẹ̀. Kò dunni, ó kàn ń báni lójijì ni. Wọ́n tún lè ní kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí ẹ bá rí iná kékeré. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà náà lè ṣe é, wọ́n á lo àwòrán.

Tí wọ́n bá kán oògùn tó ń la ẹyinjú sílẹ̀, ẹ má wakọ̀ títí ojú yóò fi mọ́ padà.

Lẹ́yìn rẹ̀, òfin ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìwọ̀n ojú yín. Kò pọn dandan kí ẹ ra gíláàsì lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má fi èyí rọ́pò àyẹ̀wò ojú tí NHS ń pe alátọ̀gbẹ sí láti ọdún 12. Ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan: ẹ pe ilé, ẹ bi àwọn àgbà pé irú àìsàn wo ló mú ojú bàbá tàbí ìyá. “Ojú àgbà” tí wọ́n ń wí lè jẹ́ glaucoma, ìdáhùn wọn sì lè gba ojú tiyín là. Ọlọ́run á jẹ́ kí a fojú wa rí ọmọ-ọmọ o.